Mo fẹ́ kan àpótí tí yóò mú ehoro láàyè nínú ọgbà mi ní Kubwa

Aládùúgbò Kubwa béèrè pé:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí a jọ ń dáko ẹ̀yìnkùlé. Kubwa ní Abuja ni mo ń gbé, ní ìhà ibi tí ilé ti ń tán tí igbó àti àpáta ti bẹ̀rẹ̀, mo sì ní ọgbà kékeré kan lẹ́yìn ilé tí kò tó ìdajì púlọ́ọ̀tì. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 sẹ́yìn ni ẹran kan ti ń wọlé lóru láti wá jẹ ohun tí mo ti ń fi omi kànga rin láti ìgbà tí òjò ti dáwọ́ dúró. Ẹ̀wà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ewé ni ó kọ́kọ́ fi ṣe oúnjẹ. Ó gé e mọ́lẹ̀ bí ìgbà tí onígbàjámọ̀ bá fi abẹ fá orí. Lẹ́yìn ìyẹn ni ó bọ́ sórí ebè kárọ́ọ̀tì. Kò hú ẹyọ kan, ewé rẹ̀ nìkan ni ó ń jẹ, tí gbogbo orí kárọ́ọ̀tì fi wá yọ sílẹ̀ bí àtàǹpàkò.

Ní òwúrọ̀ Jímọ̀ tí ó kọjá mo dìde ní agogo 5, mo tan iná tọ́ọ̀ṣì sí ọgbà, mo sì rí i pẹ̀lú ojú ara mi. Ehoro ni. Ó lúgọ sí ẹ̀gbẹ́ ebè, etí rẹ̀ nà ṣánṣán, ẹnu rẹ̀ kò sì dáwọ́ jíjẹ dúró bí iná ti bà á lójú. Nígbà tí mo gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, ó gba abẹ́ géètì lọ. Àwọ̀ rẹ̀ kò hàn sí mi dáadáa, àfi pé ó dà bí eérú. Mallam tí ń ṣọ́ géètì wa ní zomo ni, pé kí n jẹ́ kí òun mú ajá àti kóńdó wá.

Ìyàwó mi ní kí n po májèlé mọ́ àgbàdo, ṣùgbọ́n adìyẹ ilé kejì kì í gbélé, àwọn ọmọ wa náà sì ń fi ọwọ́ kan gbogbo nǹkan. N kò fẹ́ tàkúté onírin nítorí ẹsẹ̀ ọmọ, n kò sì fẹ́ okùn wáyà tí yóò máa fún ẹran náà lọ́rùn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ohun tí mo ń wá ni àpótí kan tí ẹran yóò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ̀, tí ilẹ̀kùn yóò sì já lẹ́yìn rẹ̀, kí a bá a níbẹ̀ láàyè. Iṣẹ́ káfíńtà tèmi kò ju kí n lo ayùn àti òòlù lọ. Báwo ni ó ṣe yẹ kí àpótí náà tóbi tó, kí ni kí n fi ṣe ìjẹ, kí sì ni kí n ṣe sí ẹran náà bí mo bá mú un tán?

Bàbá Alóko Kuje dáhùn pé:

Ẹ kú ìrọ́jú, ọmọ wa. Kí ẹ tó lọ ra ìṣó, ẹ jẹ́ kí a mọ ẹni tí ń jẹ yín lóko, nítorí orúkọ kan náà ni àwa Yorùbá ń fi pe ẹran méjì tí ìwà wọn kò jọra rárá. Ehoro igbó, tí àwọn Hausa ń pè ní zomo, àwọ̀ koríko gbígbẹ ni ó ní, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ gùn, ṣóńṣó etí rẹ̀ sì dúdú. Kì í gbẹ́ ihò. Ojú koríko ni ó ń sùn lọ́sàn-án, nínú kòtò pẹlẹbẹ kan tí kò jìn ju àwo oúnjẹ lọ, ọmọ tí ó bá sì bí a ti la ojú, irun a sì ti bò ó, láti ọjọ́ tí ó bá ti bọ́ sáyé. Ehoro ilé ní tirẹ̀, ìhà Sípéènì ni ìran rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá, ihò ni ilé rẹ̀, ọmọ rẹ̀ a máa wáyé ní ìhòòhò pẹ̀lú ojú dídì lẹ́yìn oyún nǹkan bí ọjọ́ 31. Àwọ̀ rẹ̀ kò ní iye: funfun, dúdú, aláwọ̀ eérú, alámì tótòtó.

Ẹ lè bi mí pé kí ni èyí kàn pańpẹ́. Ó kàn án gan-an ni. Ẹran tí ihò jẹ́ ilé fún kì í bẹ̀rù àpótí tí inú rẹ̀ ṣókùnkùn. Lójú tirẹ̀, ibi ìsádi ni. Ṣùgbọ́n ojú àti ẹsẹ̀ ni ehoro igbó gbẹ́kẹ̀ lé, ohunkóhun tí ó bá fẹ́ sé e mọ́ ni ó ń sá fún. Mo ti dẹ àpótí de zomo rí ní oko mi fún ọ̀sẹ̀ 3 gbáko nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ní àràárọ̀ ni mo ń rí ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú eruku, tí ó yí àpótí náà ká bí ẹni tí ó wá wo ilé tí ó fẹ́ háyà, kò sì wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìgbà tí mo fi wáyà ilé adìyẹ yí ebè ẹ̀wà náà ká, tí mo jẹ́ kí ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 3, tí mo sì ri ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀, ni mo tó jèrè.

Nínú ohun tí ẹ kọ, mo rí ohun tí ó mú mi rò pé ehoro ilé ni tiyín. Àwọ̀ eérú kan wà níbẹ̀, ẹ sì ní ó gba abẹ́ géètì lọ. Zomo tí ìbẹ̀rù bá mú, gbangba ni ó ń sá sí, kì í wá kọ̀rọ̀. Èyí tí ó mọ abẹ́ géètì lóru ti mọ ilé. Kì í ṣe òkété, nítorí òkété, èyí tí Mallam yín yóò pè ní gafiya, ìbá ti wú kárọ́ọ̀tì náà gbé lọ sínú ihò rẹ̀, kò sí ohun tí yóò fi ewé ṣe. Kì í ṣe ọ̀yà náà, igi àgbàdo àti ìrèké ni ìyẹn ń wá. Ẹ wo ìgbẹ́ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè: ti ehoro máa ń rí róbótó, ó gbẹ, bí ẹ bá fọ́ ọ láàárín ìka, koríko ni ẹ ó bá nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ béèrè ní ilé mẹ́rin tí ó yí yín ká bóyá ẹnìkan ń sin ehoro. Wọ́n ti pọ̀ ní Abuja báyìí, àwọn kan ń sìn ín fún ẹran, àwọn kan ń gba ìtọ̀ rẹ̀ láti fi ṣe ajílẹ̀.

Káfíńtà Dei-Dei dáhùn pé:

Ẹ ṣeun, Bàbá. Bí ó bá jẹ́ ehoro ilé, a jẹ́ pé àpótí ni, kò sì gba owó púpọ̀. Ẹ yà sọ́dọ̀ àwọn tí ń ta pákó ní Dei-Dei, tàbí ọ̀dọ̀ ẹni tí ń kan àga ní àdúgbò yín. Àjákù pákó 1×12 tí wọ́n ń kó jọ fún ìdáná tó yín í ṣe. Ẹ má ṣe lo pákó tí a fi oògùn ìkán pa, ẹ má sì kùn ún ní ọ̀dà, nítorí imú ehoro mú ju tiwa lọ, eyín rẹ̀ tí kì í dẹ́kun híhù yóò sì máa họ pákó náà ní gbogbo ìgbà tí ó bá wà ní àtìmọ́lé. Pákó arère fúyẹ́, ó sì rọrùn láti rẹ́, ṣùgbọ́n ìkán fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ má fi sílẹ̀ lórí ilẹ̀ lásán lẹ́yìn tí ẹ bá ti lò ó tán.

Inú àpótí ni kí ẹ wọ̀n, kì í ṣe ìta: gígùn ẹsẹ̀ bàtà 2, ìbú íńṣì 10, gíga íńṣì 10. Bí ó bá kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ, ilẹ̀kùn yóò já lé ẹran lẹ́yìn kí ara rẹ̀ tó wọlé tán. Ẹ má fi pákó dí ẹ̀yìn àpótí náà. Wáyà ilé adìyẹ ni kí ẹ kàn mọ́ ọn, kí ẹ sì ṣẹ́ etí wáyà náà sí ìta kí ó má baà gún ẹran nímú. Ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ yóò gba ibẹ̀ wọlé, ẹran tí ó bá bẹjú wò ó yóò rò pé ọ̀nà ni ó là kọjá. Níwájú, ẹ kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì-méjì mọ́ ara pákó ọ̀tún àti ti òsì láti inú, kí àlàfo àárín wọn gba púláíwúùdù ìdajì íńṣì láìhá, torí ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn yóò máa gbà lọ sókè sódò. Pákó òrùlé kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Ẹ fi íńṣì 2 dín in kù níwájú.

Orí òrùlé yìí ni ọgbọ́n wà. Ẹ wọn íńṣì 8 láti ẹ̀yìn àpótí, kí ẹ lu ihò kan tí ó fẹ̀ ní íńṣì 1 síbẹ̀. Ní àárín òrùlé, ẹ kan igi kan tí ó ní pàlàkà bí ti kànnàkànnà ní òró, kí ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 1. Orí pàlàkà náà ni ọ̀pá gígùn kan yóò dùbúlẹ̀ sí: ẹ fi okùn so orí rẹ̀ kan mọ́ òkè ilẹ̀kùn, kí ẹ so orí kejì mọ́ igi kékeré kan tí yóò gba inú ihò lọ sísàlẹ̀ títí tí ìdí rẹ̀ yóò fi ku nǹkan bí íńṣì 3 kí ó kan ilẹ̀. Igi kékeré yìí ni mo ń pè ní igi ìkọ́. Ẹ fi ọ̀bẹ dá ojú sí i lára, ní ibi tí yóò ti bá etí ihò pàdé lábẹ́ òrùlé. Bí ìwúwo ilẹ̀kùn bá ń fa ọ̀pá sílẹ̀ níwájú, ẹ̀yìn ọ̀pá yóò fẹ́ gòkè, igi ìkọ́ yóò fẹ́ bá a lọ, ṣùgbọ́n ojú tí ẹ dá sí i lára yóò há sábẹ́ etí ihò, ilẹ̀kùn yóò sì dúró sókè. Ehoro yóò wọlé lọ bá ìjẹ ní ẹ̀yìn, yóò fi èjìká tàbí imú ti igi náà, ojú yẹn yóò yọ, pàá, ilẹ̀kùn ti já.

Ẹ jọ̀ọ́, ojú tí ẹ dá sí igi ìkọ́ yẹn, ọ̀dọ̀ ilẹ̀kùn ni kí ó kọjú sí. Mo sọ èyí nítorí pé nígbà tí mo kan àkọ́kọ́, ẹ̀yìn ni mo kọ ọ́ sí. Ehoro ti igi náà bí ó ti yẹ, ṣùgbọ́n ńṣe ni ó ń tì í há sínú etí ihò síwájú sí i. Òru mẹ́ta ni ó fi jẹ kárọ́ọ̀tì mi, tí ó sì yí padà jáde bí oníbàárà tí kò sanwó. Àwọn àgbà ní ẹbìtì tí kò bá pa eku, kí ó fi ẹyìn fún ẹlẹ́yìn. Tèmi kò pa eku, kò sì fi ẹyìn sílẹ̀. Nígbà tí mo yí igi náà po lásán, láìfi òòlù kan nǹkan kan, alẹ́ ọjọ́ náà ni ó mú un.

Ní ti ìjẹ, ẹ̀ẹ̀rùn tí a wà yìí ń ràn yín lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ àárín òjò ni, tí gbogbo ilẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, ehoro kò ní wo ìjẹ yín lẹ́ẹ̀mejì. Ewé kúkúndùnkún tuntun àti ìdajì kárọ́ọ̀tì tó. Ẹ gbé e sẹ́yìn igi ìkọ́ pátápátá, lẹ́bàá wáyà, kí ẹ ju ewé ẹyọ kan sí ẹnu ọ̀nà. Ipa ọ̀nà tí ó ń gbà wọlé ni kí ẹ gbé àpótí sí, lẹ́bàá ògiri, kì í ṣe àárín gbangba. Fún òru méjì àkọ́kọ́, ẹ so ilẹ̀kùn mọ́ òkè kí ó má lè já, kí ẹran jẹun nínú rẹ̀ kí ó lọ. Òru kẹta ni kí ẹ dẹ ẹ́. Àwọn kan yóò ní kí ẹ má ṣe dúró bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n sùúrù òru méjì yẹn ni ó ń sọ àpótí di ohun tí ẹran mọ̀.

Ìyá Ìbejì Lugbe dáhùn pé:

Nọ́ọ̀sì ni mo jẹ́, ọkọ mi sì ń sin ehoro, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí àwọn ọkùnrin kì í sábà rántí sọ. Ehoro kì í gba ooru. Kì í làágùn bí tiwa, etí rẹ̀ ni ó fi ń tu ara, oòrùn Abuja tí ó máa ń mú ní oṣù kejì àti ìkẹta sì lè pa á nínú àpótí láàárín wákàtí díẹ̀. Bí ẹ bá dẹ ẹ́ lálẹ́, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí agogo 7 tó lù. Bí ẹ bá ń rìnrìn àjò, ẹ tì í pa kí ẹ tó lọ.

Ẹ má fi etí gbé e, bí ẹ ti ń rí i tí wọ́n ń ṣe lọ́jà. Ẹ da aṣọ bo àpótí kí ara ẹran náà lè balẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ kan di awọ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ mú, kí ẹ fi èkejì gbé ìdí rẹ̀ ró mọ́ àyà yín. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ lágbára, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ kò le tó bẹ́ẹ̀. Bí ó bá fi ìbínú ta ní òfuurufú láìsí ohun tí ó gbé ìdí rẹ̀ dúró, ó lè ṣẹ́ ara rẹ̀ lẹ́yìn.

Bí ẹ bá jí tí ẹ bá eku nínú rẹ̀ dípò ehoro, ẹ má fi ọwọ́ lásán kàn án, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ sún mọ́ ọn. Ibà Lassa kò jìnnà sí wa ní ìhà àríwá yìí. Ìlú Lassa ní Borno ni a ti kọ́kọ́ rí i ní 1969, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ irú eku kan tí ń bá ènìyàn gbélé ni ó sì ń gbà ràn. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ fi omi àti bílíìsì fọ àpótí náà, ẹ sá a gbẹ pátápátá kí òórùn rẹ̀ kúrò kí ẹ tó tún un dẹ.

Ehoro ilé tí ẹ bá mú, ẹ má lọ tú u sílẹ̀ nínú igbó. Ajá ni yóò rí i lọ́jọ́ kejì.

Aládùúgbò Kubwa tún kọ̀wé pé:

Ẹ ṣé gan-an ni o. Mo ní kí n padà wá jábọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2. Mo kan àpótí náà ní ọjọ́ Sátidé kan, láti àárọ̀ di ọ̀sán, ọmọkùnrin mi ni ó ń bá mi di pákó mú. Ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ tóbi jù, mo tún un gé lẹ́ẹ̀mejì. Òru méjì ni mo fi so ó sókè gẹ́gẹ́ bí Káfíńtà ti wí, kárọ́ọ̀tì sì ń tán ní òwúrọ̀ méjèèjì, tí inú ìyàwó mi kò dùn sí i rárá.

Ní òru kẹta tí mo dẹ ẹ́ ní tòótọ́, a gbọ́ ìró rẹ̀ ní nǹkan bí agogo 11. Mo sáré jáde pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, mo bẹ ojú wáyà wò: ológìnní ará ilé òdìkejì ni, tí ó ń wò mí bí ẹni tí mo jẹ lówó. N kò mọ ohun tí ó fẹ́ fi kárọ́ọ̀tì ṣe. Mo tú u sílẹ̀. Òru kẹrin àti ìkarùn-ún kọjá lásán. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹfà, mo bá ilẹ̀kùn nílẹ̀, ìjẹ ti tán, ìgbẹ́ róbótó-róbótó kún ilẹ̀ àpótí, ehoro aláwọ̀ eérú kan sì káwọ́ jọ sí igun, imú rẹ̀ ń gbọ̀n tìtìtì. Mo wo ṣóńṣó etí rẹ̀ bí Bàbá ti kọ́ mi, kò dúdú. Ohun tí mo rí dípò rẹ̀ ni àmì ọ̀dà àwọ̀ ewé kan nínú etí òsì.

Mo gbé e lọ yí ilé ká. Ilé kẹta ni mo ti bá olówó rẹ̀, ọmọ ilé-ìwé gíga kan tí ó ń sìn wọ́n sínú àgò lẹ́yìn ilé bàbá rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ pé láti ìgbà tí ìjì ti já òrùlé àgò náà ni òun ti ń wá a. Ó mú jálá ìtọ̀ ehoro kan fún mi láti fi ṣe ajílẹ̀, ó ní kí n fi omi là á dáadáa kí n tó bù ú sí ẹ̀fọ́. Ṣùgbọ́n ó tún sọ ohun kan tí n kò fẹ́ gbọ́: méjì ni ó sá lọ, èkejì sì lóyún.

Ìyẹn ni mo tún fi wá bá yín. Mo fọ àpótí náà, mo sì tún un gbé síbẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò ronú pé ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ gan-an ni mo ti ń bomi rin ẹ̀fọ́ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Púláíwúùdù ilẹ̀kùn ti mu omi yó, ó wú, ó wá ń há sáàárín igi tẹ́ẹ́rẹ́ wọ̀nyẹn. Lálẹ́ àná ó já dé ìdajì, ó dúró síbẹ̀, ìjẹ sì ti lọ.

Káfíńtà Dei-Dei dáhùn pé:

Ẹ yọ ilẹ̀kùn náà jáde, kí ẹ fi í síbi tí atẹ́gùn ọyẹ́ yóò ti fẹ́ sí i fún ọjọ́ kan gbáko, kì í ṣe inú oòrùn gangan, kí ó má baà ká kò. Bí ó bá ti gbẹ, ẹ fi sáńpépà ha etí rẹ̀ méjèèjì díẹ̀díẹ̀, kí ẹ wá mú àbẹ́là funfun kan, kí ẹ fi pa etí náà àti inú àlàfo tí ó ń gbà títí tí yóò fi máa yọ̀. Ẹ dán an wò nígbà mẹ́wàá kí ẹ tó dẹ ẹ́. Bí ó bá há lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ tún un ha. Kí ẹ sì gbé àpótí náà sún síwájú géètì, nítorí abo tí ó lóyún kò ní rìn jìnnà sí ibi tí ó bá ń gbẹ́ ihò sí. Bí ẹ bá mú un, ẹ wo ikùn àti ọmú rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó gbé e lọ fún ọmọkùnrin yẹn. Bí ó bá ti bímọ, ihò wà nítòsí ibẹ̀, àwọn ọmọ náà sì wà nínú rẹ̀.